"O ò mọ̀, o gbọ́ ni": kí ló ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́?

Ìbéèrè tí ẹ bi mí rèé: kí ló dé tí àwọn àgbà fi máa ń dá ọmọdé lóhùn pé "o ò mọ̀, o gbọ́ ni"? Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé ẹni tó bá gba nǹkan gbọ́ dáadáa ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Gbodo ìyá mi àgbà ló kọ́kọ́ kọ́ èmi. Ó sá a sórí àpáta lẹ́yìnkùlé, ó lọ sọ́jà, nígbà tó máa fi dé, nǹkan ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ṣe é, mo yára fèsì pé ewúrẹ́ aládùúgbò ni. "Ó ṣojú ẹ?" Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún mi. "Wọ́n ní ewúrẹ́ ni, bó o ṣe máa wí i nìyẹn." Ó pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ẹlòmíì lòun náà ti gbọ́ ọ. Bí ìyá ṣe kó ìyókù gbodo rẹ̀ wọlé nìyẹn, kò sì bá aládùúgbò kankan jà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Gbà" àti "gbọ́" ló pàdé ara wọn: èèyàn gbọ́, ó sì gbà. Wọn ò tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ra pátápátá, torí pé tí a bá fẹ́ dárúkọ ohun tí a gbà gbọ́, àárín wọn la ń kì í bọ̀: mo gbà á gbọ́, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Etí ló wà nídìí ẹ̀. "Mọ̀" ní tiẹ̀ ń béèrè ojú. Ẹni tó bá ní òun mọ Ìbàdàn, tí ẹ wá bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń ti Mọ́kọ́lá dé Ọjà Ọba, tó ní òun ò débẹ̀ rí, orí rédíò lòun ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀rín lẹ máa fi rín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òjò ń pa kì í sọ pé òun gbà gbọ́ pé òjò ń rọ̀.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olubi Sodipo, tó kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀. Láti Ifẹ̀ ni ìwé àtìgbàdégbà Second Order ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1972, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ni. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì tiwọn sílẹ̀ ní Àgọ́ Ìwòyè ní 1982, òun ni wọ́n fi ṣe gíwá àkọ́kọ́. Ipò ńlá nìyẹn, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó gbà láti jókòó síwájú àwọn oníṣègùn bí akẹ́kọ̀ọ́. Òun àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, tọ àwọn oníṣègùn lọ nílẹ̀ Èkìtì. Wọn ò béèrè ewé àti egbò nìkan. Wọ́n béèrè ìgbà tó tọ́ kí èèyàn ní òun mọ nǹkan. Ní 1986 ni ìwé wọn lórí ẹ̀ jáde.

Ìdáhùn àwọn oníṣègùn le. Ìmọ̀ ni ohun tí ojú ara ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí pé òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ, ohun tí o kà, ohun tí olùkọ́ rẹ fi kọ́ ọ, ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀, bó ti wù kó dá ọ lójú tó. O lè dán an wò. Tí ojú rẹ bá tó o, ó di ìmọ̀, kì í sì í ṣe ìgbàgbọ́ mọ́. Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín, torí èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn onífìlọ́sọ́fì òyìnbó ni pé ìmọ̀ jẹ́ ìgbàgbọ́ tó jóòótọ́, tó sì ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Lójú tiwọn, ẹni tó mọ nǹkan ti gbà á gbọ́ ná.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó kan ti kọ ọ́ tipẹ́ pé ohunkóhun tí baba ńlá ènìyàn dúdú bá ti wí ló ń gbà láìwádìí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó kàwé bóyá ó mọ̀ pé odò ní Bùsà ni Mungo Park kú sí ní 1806. Á ní òun mọ̀. Lójú oníṣègùn, ìyẹn kàn gbọ́ ni, ó sì gbà.

Ẹ má rò pé gbogbo wa là ń ṣọ́ ẹnu tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá ìsinsìnyí máa ń ní "mo mọ̀" lórí ohun tó rí lórí fóònù lásán, èmi náà sì ń ṣe é. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì bi Sodipo àti Hallen pé ṣé ìwọ̀nba oníṣègùn lè gbẹnu sọ fún odidi Yorùbá. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà ò ṣe oníṣègùn, kò kàwé, kò sì gbé Èkìtì rí, ohun tí wọ́n sọ náà ló sọ nídìí gbodo. Ìròyìn ò tó àfojúbà, kì í ṣe àwọn oníṣègùn nìkan ló ń pa á lówe.

Mo fura pé ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé ọ̀rọ̀ "ìgbàgbọ́" ga tó bó ṣe ga yìí. Nígbà tí Kristẹni ti di onígbàgbọ́, kò tún rọrùn kí èèyàn pe ìgbàgbọ́ ní ohun tó kéré sí ìmọ̀. Àmọ́ ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, ẹ wo Jóòbù nínú ìyà rẹ̀: ó ní òun mọ̀ pé Olùdáǹdè òun ń bẹ láàyè. "Mọ̀" ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé ó ṣojú rẹ̀ kòró.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ bá mi bi í bóyá ó mọ Ìbàdàn.