Ẹ̀gbọ́n Yín Kò Gba Àrùn Yìí Rù fún Ẹnikẹ́ni

Ìbéèrè: Dókítà, àrùn Huntington, èyí tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n ní ó pa bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 41, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀ láìfẹ́, oúnjẹ sì ń há a lọ́fun. Adáhunṣe kan ní àsasí ni, pé ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á rù fún gbogbo wa, bí a bá sì ti ṣe ètùtù, àwa mẹ́ta tó kù ti bọ́. ₦400,000 ni ó ń béèrè. Ṣé kò pọ̀ jù?
(Òǹkàwé kan, Ìbarà, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Náírà kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Ẹ tọ́jú owó yín, nítorí oúnjẹ àti ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín yóò gba owó.

Ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan gba àrùn yìí rù fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ti sú mi í gbọ́, irọ́ gbáà sì ni. Àbùkù tó wà lára àbùdá kan (gene), tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ni ó ń fa Huntington. Ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ rí àbùdá náà gan-an. Méjì-méjì ni olúkúlùkù wa ní in, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú méjì ti bàbá yín, ọ̀kan ló lábùkù, ẹyọ kan péré ni ó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Oyún kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tí a da owó ẹyọ kan sílẹ̀: ó lè ṣíjú sókè, ó lè dojú bolẹ̀, bí ó sì ṣe ṣubú lánàá kò kan tòní. Nítorí náà, 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣeéṣe pé ẹ gba èyí tó lábùkù nígbà tí wọ́n bí yín, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwọn méjì yòókù, ohun yòówù kí ó ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹni tó jọ bàbá kò fi ìyẹn sún mọ́ ọn ju ẹni tó jọ ìyá lọ, ọkùnrin àti obìnrin kò sì yàtọ̀. Ẹni tí kò bá jogún rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fún ọmọ tirẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi ẹni tó jogún rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ìdí nìyí tí a kì í fi í ṣe é fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tí ara rẹ̀ sì dá, tí a kì í sì í fipá mú àgbàlagbà ṣe é.

N kò tíì fojú kan ẹ̀gbọ́n yín, nítorí náà ẹ má fi ìwé yìí rọ́pò dókítà. Oògùn wà tó ń dín jíju ọwọ́ ju ẹsẹ̀ náà kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ni kí ó kọ ọ́ fún un. Kí ó tó di ìgbà náà, kí ó máa jókòó ṣánṣán jẹun, kí òkèlè rẹ̀ kéré, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń gbé e mì, kí ẹ sì máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ léraléra, nítorí àrùn yìí máa ń mú ènìyàn rù. Bí ó bá ń kanra tàbí tí ojú rẹ̀ ń fà ro, ẹ má pè é ní ìwà burúkú. Ara àìsàn náà ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn Aro kò jìnnà sí yín, ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí ará àdúgbò yóò sọ dá yín dúró. Bí ó bá mẹ́nu kan pé òun fẹ́ kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.