Àwo Ìrẹsì Tí Wọn Kò Kọ Iye Lé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kuala Lumpur ní Malaysia láti wá kàwé ni. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ilé tí mò ń gbé. Tábìlì mẹ́rin péré ni wọ́n ní, èrò sì máa ń kún ibẹ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n á to ọbẹ̀ oríṣiríṣi sínú abọ́ irin ńláńlá, kálukú á bu tirẹ̀. Kò síbi tí wọ́n kọ iye owó sí. Obìnrin tó ń gbowó á kàn wo àwo èèyàn, á sì pe iye kan. Ó gba ringgit 17 (owó ilẹ̀ yìí) lọ́wọ́ mi, 7 ló gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú mi. Ṣé torí pé àjèjì ni mí ni? Ẹ jọ̀ọ́, Mùsùlùmí ni mí, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé halal ni wọ́n ń sè? — Akẹ́kọ̀ọ́, Gombak

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ò sọ ohun tí o bù fún mi, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nasi campur, ìyẹn ìrẹsì àdàlù, ni wọ́n ń pe irú ìjẹun yẹn. Ìrẹsì ibẹ̀ kò wọ́n, ẹ̀fọ́ náà kò wọ́n, omi ọbẹ̀ tí o sì bù wọ́n orí rẹ̀ kì í sábà mówó lọ́wọ́ ẹni. Ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ló ń gbowó. Edé ńlá, orí ẹja, àti sotong, ẹran òkun ọlọ́wọ́ mẹ́wàá yẹn, wọ́n lè sọ oúnjẹ ringgit 7 di 17 kí o tó dé ìdí tábìlì. Mo fura sí edé.

Mi ò sọ pé kò sí ẹni tó ń rẹ́ àjèjì jẹ o. Wọ́n wà, pàápàá níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé oníjẹun tábìlì mẹ́rin tó jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò kan náà ló ń jẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́ kì í fẹ́ ariwo. Dán wọn wò: tò sẹ́yìn òṣìṣẹ́ kan, bu ohun tó bá bù gẹ́lẹ́, kí o sì fetí sí iye tí wọ́n máa pe fún ẹ̀yin méjèèjì. Bí ó bá yàtọ̀, wá ilé oúnjẹ mìíràn. Ohun tí ojú rẹ bá sì wà lára rẹ̀ tó o ò mọ iye rẹ̀, nawọ́ sí i kí o tó bù ú, kí o bi wọ́n pé “Berapa?”, ìyẹn “Èló ni?” Ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ń bèèrè.

Èmi tí mo ti ń jẹun nílùú yìí láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ohun tí mo máa ń bù kò ju mẹ́ta lọ: ìrẹsì, ẹja kembung díndín kan, àti ẹ̀fọ́ kangkung tí wọ́n fi belacan dín. Kembung ni ẹja mẹ̀kúnnù níbí, ó sì dùn ju àwọn ẹja olówó ńlá tí wọ́n ń fi ṣe fọ́ńté lọ. Belacan yẹn, edé tí wọ́n gún tí wọ́n sì jẹ́ kó kan ni. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ lé ọ sẹ́yìn bí irú ṣe ń lé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n má sá. Bí o bá rí ewé tútù tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ulam nìyẹn. Inú ata sambal ni wọ́n ń tì í bọ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Lọ síbẹ̀ kí aago 12 tó lù. Òwúrọ̀ ni wọ́n ti se gbogbo rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago 3, ẹja ti gbẹ, ohun tó dára ti tán, ìwọ á sì san iye kan náà. Agbada omi ìfọwọ́ wà nígun ilé. Bí o ò bá fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì wà. Wọn kì í retí ẹ̀bùn lórí owó oúnjẹ.

Ní ti halal, JAKIM ni àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, wàá rí àmì wọn lára ògiri ilé oúnjẹ tó bá gbà á. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kéékèèké tí Mùsùlùmí ni kò ní àmì yìí rárá, torí náà bèèrè ẹni tó ni ibẹ̀ àti ẹni tó ń dáná. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún ni pákó tí wọ́n kọ “no pork, no lard” sí, ìyẹn pé kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ọ̀rá rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí halal. Adìẹ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọn kò pa bó ṣe tọ́.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, àtọ̀gbẹ ń bá ọkọ mi fínra, ṣùgbọ́n alaalẹ́ ló ń lọ mu tíì lọ́dọ̀ àwọn mamak, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Íńdíà tó ń ta oúnjẹ. Ó ní òun ti ní kí wọ́n máa dín ṣúgà kù. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? — Ìyàwó ilé, Shah Alam

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, síbẹ̀ kó má ṣe é lóore. Mílíìkì agolo tó ki pọ̀pọ̀ ni wọ́n fi ń po teh tarik, tíì tí wọ́n ń mu níbẹ̀, ṣúgà sì ti wà nínú mílíìkì yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ó bá ní “kurang manis”, ìyẹn pé kí wọ́n dín adùn kù, wọ́n á dín mílíìkì kù díẹ̀, síbẹ̀ ṣúgà kò tán nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ pé kí èèyàn má mu ún. Ní 2024, UNESCO fi àṣà oúnjẹ àárọ̀ Malaysia sínú ìwé ohun àjogúnbá, teh tarik wà níbẹ̀ pẹ̀lú nasi lemak (ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè) àti roti canai (búrẹ́dì pẹlẹbẹ). Ẹ ò lè fi dandan lé e pé kó má jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ sọ fún un kó máa bèèrè “teh o kosong”. Ìyẹn kò ní mílíìkì, kò ní ṣúgà. Kó má gbàgbé “kosong” ìparí yẹn o, torí bí ó bá ní “teh o” lásán, mílíìkì nìkan ni wọ́n á yọ, wọ́n á bu ṣúgà sí i.