Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ibi Tí A Lè Ti Ọkọ̀ Ìgbòkun Bọ Omi Níbi Tí Òkun Ti Ń Kún Tí Ó Sì Ń Fà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni a jọ ni ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan. Mítà 5 ni gígùn rẹ̀, ó ní tírélà kékeré tirẹ̀ tí a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn Hilux, pákó ìdúróṣinṣin tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣeé fà sókè. Orí omi dáàmù Ikere Gorge ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn ni a ti kọ́ bí a ṣe ń darí rẹ̀. A fẹ́ gbé e lọ sí Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún wa pé omi ibẹ̀ kì í dúró sójú kan bíi ti dáàmù. Báwo ni a ó ṣe mọ ibi tí ó dára láti ti ọkọ̀ bọ omi, kí a má baà fà á débẹ̀ tán kí ó wá di wàhálà sí wa lọ́rùn? — B. A., Táákíè, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Bí a bá jẹ́ ẹ̀yin, ibi tí a ó ti gbé ọkọ̀ jáde ni a ó kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin lẹ ó yan wákàtí tí ẹ ó ti ọkọ̀ bọ omi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ni yóò bá yín yan wákàtí tí ẹ ó padà dé. Bí omi bá sì ti fà kí ẹ tó dé, kọnkéré tí ẹ gba orí rẹ̀ wọ omi ní òwúrọ̀ lè ti gbẹ tán, kí ó jẹ́ kìkì ẹrẹ̀ ni yóò wà láàárín yín àti tírélà yín. Ibi tí ó bá ṣeé gbé ọkọ̀ jáde nígbà tí omi fà jù lọ kò ní dà yín láàmú nígbà tí ẹ bá ń wọlé.

Òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Nítorí ìṣẹ́jú 50 yìí, bí omi bá kún dé góńgó ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, yóò tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó kún bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Òṣùpá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, oòrùn sì ń bá a lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, àwọn méjèèjì máa ń pa agbára pọ̀, omi á kún gan-an, á sì fà gan-an. Nígbà tí oṣù bá wà ní ìlàjì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkún àti fífà máa ń kéré.

Ní ẹnu èbúté Èkó, ìyàtọ̀ yìí kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ lákòókò tí ó pọ̀ jù. Ní ìhà Bonny àti Calabar ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mítà kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí ẹni tó bá ń wò ó lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ èbúté kan bá ń lọ sílẹ̀ ní mítà kan nínú mítà 8, èyí tó jẹ́ déédéé ibi tí a ṣe fún tírélà ọkọ̀, bí omi bá fi mítà kan lọ sílẹ̀, etí omi yóò ti sá sẹ́yìn ní mítà 8. Bí kọnkéré ibẹ̀ kò bá sì gùn ju mítà 6 lọ sínú omi nígbà tí ẹ dé, ẹ ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Omi kì í fà ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ pín gbogbo ohun tí yóò fi lọ sílẹ̀ sí ọ̀nà 12: wákàtí àkọ́kọ́ yóò mú ìdá kan, èkejì yóò mú méjì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin yóò mú mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀karùn-ún yóò mú méjì, ẹ̀kẹfà yóò sì mú ẹyọ kan tó kù. Láàárín wákàtí kẹta àti ìkẹrin ni ìṣàn omi ń le jù, àkókò yẹn sì ni ẹni tí kò mọ̀ máa ń rò pé òun ṣì ní àyè.

Nípa ibi tí ẹ ó lọ, ẹ gbàgbé etí òkun gbangba. Láti Badagry títí dé ìhà Lẹ́kí àti kọjá rẹ̀, ìgbì ń fọ́ sí iyanrìn láti ọdún dé ọdún, kò sì sí ibi ààbò kankan lójú iyanrìn yẹn tí ọkọ̀ mítà 5 lè ti wọ omi láìdojúdé. Tarkwa Bay ní ààbò tirẹ̀ nítorí àwọn ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sí ẹnu ọ̀nà èbúté, ṣùgbọ́n ojú omi ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Ọ̀sà ni kí ẹ dojú kọ. Lórí ọ̀sà náà, bí ibì kan bá ṣe jìnnà sí ẹnu ọ̀nà òkun tó, bẹ́ẹ̀ ni kíkún àti fífà rẹ̀ ń dín kù, tí ó sì ń pẹ́ lẹ́yìn wákàtí tí wọ́n kọ sínú ìwé àkókò òkun, ìyẹn ìwé tó ń sọ wákàtí tí omi yóò kún àti èyí tí yóò fà, nítorí pé ẹnu èbúté ni wọ́n ṣírò ìwé náà fún. Ìhà Ẹ̀pẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹni tó ti orí dáàmù bọ̀ yóò rí i pé Ẹ̀pẹ́ bá òun lára mu ju ìtòsí erékùṣù Èkó lọ, ibẹ̀ ni àwa ì bá sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ní Èkó, ó sì máa ń le sí i lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹni tó bá ti ọkọ̀ bọ omi ní etí àríwá ọ̀sà, bíi ìhà Ìkòròdú, yóò rí i pé ní ìrọ̀lẹ́ afẹ́fẹ́ ń gbá ìgbì wá sí etí tí òun fẹ́ gúnlẹ̀ sí, ọkọ̀ yóò sì máa gbá kọnkéré kí wọ́n tó rí i so mọ́ tírélà. Ní etí gúúsù, bíi ìhà Badore, omi etí máa ń rọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbòkun rẹ̀ bá ya níbẹ̀, àárín ọ̀sà ni afẹ́fẹ́ ń tì í lọ. Àwa yóò yan ti gúúsù, pẹ̀lú àjẹ̀ àti ìdákọ̀ró nínú ọkọ̀.

Kí ẹ tó so tírélà mọ́ ọkọ̀ rárá, ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Google Earth ní àwòrán ibì kan náà láti ọdún oríṣiríṣi. Bí ẹ bá ń yí wọn wò, ẹ ó rí èyí tí wọ́n yà nígbà tí omi kún àti èyí tí wọ́n yà nígbà tí ó fà. Wọn yóò fi ibi tí ẹrẹ̀ wà hàn yín, àti ibi tí ewé tó ń léfòó ti bo ojú omi, ewé tí ó ti ń yọ ọlọ́kọ̀ Èkó lẹ́nu láti nǹkan bí ọdún 1984. Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ fún yín bóyá ẹnì kan ti fi géètì dí ọ̀nà, ohun tó sì wọ́pọ̀ létí omi Èkó nìyẹn. Nítorí náà, kí ọ̀kan nínú yín kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ èrò lọ. Kí ó lọ ní ọjọ́ tí oṣù bá lé tàbí tí ó bá di àrànmọ́jú, ní wákàtí tí omi fà jù, kí ó sì fi igi gígùn wọn ìjìnlẹ̀ omi ní òpin kọnkéré. Ọkọ̀ yín lórí tírélà nílò tó sẹ̀ǹtímítà 70 omi níbi tí táyà tírélà yóò dúró sí kí ó tó lè léfòó. Kí ó fi ẹsẹ̀ wá òpin kọnkéré náà, nítorí ìgbì àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa ń wú iyanrìn abẹ́ ibẹ̀ di kòtò, bí táyà tírélà bá sì jábọ́ sínú rẹ̀, Hilux nìkan kò ní lè yọ ọ́. Ibi tí omi ti ń bò tí ó sì ń ṣí ni ohun tútù aláwọ̀ ewé máa ń hù sí, ó sì ń yọ̀ gidigidi. Òkè rẹ̀ tó gbẹ ni kí táyà Hilux wà nígbà gbogbo, kí ẹ fi okùn tó nípọn sọ̀ tírélà kalẹ̀ bí ó bá pọn dandan. Ẹ má gbàgbé láti gbójú sókè. Irin tó ń gbé iná ni òpó ọkọ̀ yín, wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀ láàárín ibi ìgbọ́kọ̀sí àti etí omi sì ti tó láti pa ènìyàn.

Àwọn tó mọ etí omi jù ni àwọn apẹja àti àwọn tó ń wa iyanrìn. Ibi tí lọ́rì ti ń wọlé wá gbé iyanrìn máa ń le dáadáa lábẹ́ táyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lẹ́wà lójú. Ẹ kí baálẹ̀ àti olórí àwọn apẹja kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ sápò, nítorí ọmọ onílẹ̀ kò fi etí omi sílẹ̀. Èbúté tí ìjọba kọ́ fún ọkọ̀ èrò kò wúlò fún yín: ògiri ló wà níbẹ̀, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ lè kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, láti béèrè bóyá wọ́n lè gba àlejò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, àti LASWA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba Èkó, nípa ìwé tó yẹ kí ọkọ̀ yín ní, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù ìmúléfòó láti etí omi.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ wọ omi nígbà tí ó ń kún lọ, nǹkan bíi wákàtí méjì kí ó tó dé góńgó. Bí ọkọ̀ bá fìdí kanlẹ̀ lákòókò yẹn, omi tó ń bọ̀ yóò gbé e. Bí ó bá fìdí kanlẹ̀ nígbà tí omi ń fà, ibẹ̀ ni ẹ ó wà fún wákàtí mélòó kan. Ẹ má sì jẹ́ kí omi tó ń fà gbé yín lọ sí ìhà ẹnu èbúté, nítorí ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá ni. Nínú oṣù September àti October, omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun máa ń ya wọ inú ọ̀sà, fífà á wá lágbára ju kíkún lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ yàn dára, bí ọyẹ́ kò bá ti ṣú bojú.

Ìbéèrè: Ẹ kú àtìgbà yìí, olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Bristol ní Ìlú Ọba ti ra ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, ó ní òun fẹ́ máa gbé e lọ sí etí òkun ìtòsí òun. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé bí ti Èkó náà ni omi ibẹ̀ rí? — Ìyá kan, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnu odò Severn tó wà lẹ́bàá Bristol wà lára ibi tí òkun ti ń kún tí ó sì ń fà jù lọ ní gbogbo ayé. Ìyàtọ̀ náà lè tó mítà 14. Ní ọjọ́ tí ó bá jẹ́ mítà 12, omi lè fi mítà 3 lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan ṣoṣo, etí omi á sì sá sẹ́yìn ní mítà 96 kí ó tó fà tán, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ irú èyí tí a ṣírò lókè. Ní Weston-super-Mare, òkun lè sá lọ ju máìlì kan, ẹrẹ̀ tó sì ń fi sílẹ̀ lè gbé ènìyàn mì dé itan. Wákàtí díẹ̀ tó yí ìgbà tí omi kún ká nìkan ni ó ṣeé lò ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀.

Ẹ sọ fún un pé kí ó fi etí òkun sílẹ̀ ná, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní Floating Harbour tó wà láàárín ìlú Bristol fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ìlẹ̀kùn sé omi mọ́ láti 1809 kí ó má baà bá òkun fà. Kí ó gba ìyọ̀ǹda ní ọ́fíìsì èbúté, kí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ níbẹ̀, kí àwọn àgbà inú wọn mú un lọ sí òkun nígbà tí wọ́n bá rí i pé ó tó. Kí ó sì ṣọ́ra fún ìwé àkókò òkun: ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ka wákàtí kan tí wọ́n ń fi kún aago nígbà ooru, wákàtí kan sì lè sọ kọnkéré di ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé kò dára kí a ti tírélà bọ omi ní kété tí a bá dé? — Mẹkáníìkì kan, Òwòdé, Ọ̀yọ́.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó ju 200 kìlómítà lọ, bíárìn táyà á ti gbóná. Bí ẹ bá tì í bọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi iyọ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó tutù fún bí ìlàjì wákàtí. Àkókò yẹn tó láti gbé òpó ọkọ̀ dúró bí kò bá sí wáyà lókè. Ẹ yọ wáyà iná ẹ̀yìn tírélà kúrò lára Hilux. Gíríìsì tí omi kò lè fọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ táyà, bíréèkì àti sípíríǹgì kí ẹ tó kọjú sílé, nítorí iyọ̀ tó bá gbẹ sí wọn lára yóò ti jẹ wọ́n kí ẹ tó tún lò wọ́n.