Ṣé ìpápánu olóòórùn edé yìí haláàlì?

Ìbéèrè: Àáfà, àsàlámù àléékùm. Kútọ̀ ni mò ń gbé, l'Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà ò fẹ́ jẹ nǹkan míì mọ́ àfi ìpápánu dídín kan tó ń rùn bí edé, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Ẹnì kan ní Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ jẹ edé. Mo ti fi fọ́tò ẹ̀yìn ọ̀rá ẹ̀ ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Wa àléékùm sàlámù, ìyá wa. Tó bá jẹ́ ti edé, ẹ fọkàn balẹ̀. Súrátul Máídà áyà 96 ti ṣe ẹran omi ní haláàlì fún wa, ìlànà òfin ẹ̀sìn Màlíkì tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa sì gbà bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú ìlànà Hánáfì ló ń jiyàn lórí edé. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pò mọ́ ọn, ẹ̀gẹ́ náà ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gẹ́ tí àwa Ẹ̀gbá fi ń ṣe láfún, wọ́n á sè é, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á sá a kó gbẹ, kó tó wá wú nínú òróró gbígbóná.

Mo rí E471 lára ẹ̀ ṣá, èròjà tí wọ́n fi ń pò omi àti òróró pọ̀ nínú oúnjẹ. Ó lè ti ara epo igi wá, ó lè ti ara ẹran wá, wọn ò kọ èwo ni, torí náà ẹ wá èyí tó ní àmì haláàlì.

Àmọ́ "ò fẹ́ jẹ nǹkan míì mọ́" tẹ́ ẹ kọ yẹn ló ká mi lára jù. Nínú Súrátul Bákárà áyà 168, haláàlì tó dáa l'Ọlọ́run ní ká jẹ, kì í ṣe haláàlì lásán. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá yẹn dáadáa, wọ́n kọ "fat" gíráàmù 30 nínú 100, gíráàmù 60 sì ni ìpápánu tó wà nínú ọ̀rá kan, ìyẹn ni pé òróró gíráàmù 18 ló wà nínú ẹ̀, ó ju ṣíbí ńlá kan lọ, ọmọdé ló ń gbé e mì yẹn o! "Sodium" tí wọ́n kọ ní 800mg nínú 100, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ iye iyọ̀ tó jẹ́, ó ju gíráàmù kan lọ nínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Àgbàlagbà gan-an, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní iyọ̀ tó máa jẹ lóòjọ́ ò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5. Edé tẹ́ ẹ rò pé ó ń jẹ ò tó nǹkan nínú ẹ̀.

Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín yó, kẹ́ ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un. Tí ara bá ń yún un tàbí tí ètè ẹ̀ wú lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ara àwọn kan ò gba edé, ẹ má sì fún un mọ́.