Ìwé, fọ́tò àti ọmọ orógùn: ohun tí ó yẹ kí ẹ dì lọ sí Kánádà

Arábìnrin wa tí ń gbé ní Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn béèrè pé òun, ọkọ òun àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì ń kó lọ sí Ontario ní Kánádà ní oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí báàgì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju kílò 23 lọ, àti pé òun kò mọ èyí tí òun yóò mú àti èyí tí òun yóò fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìlọta, áyọ́ọ̀nù, àwo tí wọ́n fi ta òun lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, aṣọ léèsì àti oúnjẹ. Mo fẹ́ dá a lóhùn ní kíkún, nítorí pé oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta gbéra láti Òkè-Àdó lọ sí Ottawa, ní Ontario yẹn náà, pẹ̀lú báàgì mẹ́wàá, nígbà tí yóò sì fi pé ọdún kan, ohun tí ó wúlò fún wa nínú gbogbo ẹrù náà kò lè kún ju báàgì mẹ́rin lọ. Mo ti gbàgbé owó tí mo fi ra púpọ̀ nínú ohun tí mo gbé lásán, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo wo ẹrù yín: bí ohun yìí bá sọnù, ta ni yóò fún yín ní òmíràn? Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìtajà ni yóò fún yín, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ní láti lọ tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì kan nílé kí ẹ tó rí i gbà, tàbí pé kò sí ẹni tí ó lè fún yín mọ́ láyé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Nítorí náà, ìwé ló ṣáájú. Ẹ lè rò pé níwọ̀n ìgbà tí àjọ tí ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, bíi WES, ti gba transcript yín, ìwé tí ó fi máàkì yín hàn, láti yunifásítì kí ẹ tó gba físà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe nílé, nígbà tí mo sì fẹ́ gba àṣẹ láti ṣe é ní Ontario, wọ́n ní kí ilé ìwé mi tún fi transcript ránṣẹ́ sí àwọn tààrà, nítorí pé wọn kì í gba èyí tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wá. Oṣù méje ni àbúrò mi ọkùnrin fi ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé n kò fi ìwé àṣẹ kankan sílẹ̀ fún un, n kò rántí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi dáadáa, rìsíìtì owó tí mo san ní ìgbà àkọ́kọ́ sì ti sọnù. Kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, ẹ yan ẹnì kan tí nǹkan kì í tètè sú, ẹ kọ ìwé àṣẹ fún un, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti rìsíìtì yín gbogbo. Ẹ béèrè fún ìwé tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí ẹ kà ní ọdún kọ̀ọ̀kan náà, pàápàá bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tàbí ẹnjiníà, èyí tí ènìyàn kò lè ṣe níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹ wo orúkọ tí ó wà lórí àwọn ìwé náà. Orúkọ bàbá yín ni yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ yín, orúkọ ọkọ yín ni yóò sì wà lórí ìwé ìrìnnà. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí yóò rò pé ènìyàn méjì ni. Ẹ gbé ìwé ìgbéyàwó yín, ìwé ìbúra kóòtù àti ìwé ìròyìn tí ẹ fi kéde ìyípadà orúkọ dání, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìwé ìbí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí NPC, àjọ ìjọba tí ń ka iye ènìyàn, fún yín, kì í ṣe ìwé pélébé tí wọ́n kọ ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí ẹ bí wọn.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ni ohun tí mo fi sílẹ̀ nínú dúróò láìmọ̀. Òfin Ontario ní kí ilé ìwé mọ abẹ́rẹ́ tí ọmọ ti gbà fún àwọn àrùn bíi rọpárọsẹ̀, èéyi àti ipá, wọ́n sì lè dá ọmọ dúró nílé bí kò bá sí àkọsílẹ̀. A tún gún àbíkẹ́yìn mi ní abẹ́rẹ́ tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún tí ó ń sunkún béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni òun ṣe. Káàdì náà kò wúwo ju ewé lọ.

Fún ọkọ yín tí ń wakọ̀: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ontario lè fi ìwé ìwakọ̀ tí ó gbà nílé wakọ̀ fún 60 ọjọ́, lẹ́yìn èyí ó di dandan kí ó gba tibẹ̀. Bí ó bá ní ìwé láti ọ̀dọ̀ FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ó jẹ́rìí sí iye ọdún tí ó ti ń wakọ̀, wọn yóò ka ìrírí náà sí i lára, kò sì ní láti dúró pẹ́ bí ẹni tí kò di ọwọ́ mú ọkọ̀ rí. Gbogbo àwọn ìwé wọ̀nyí, inú báàgì tí ẹ ó gbé wọ inú ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ ni kí wọ́n wà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí a dé ni ọ̀kan nínú báàgì wa tó dé, òun gan-an ni mo sì kó ìwé ẹ̀rí wa sí. N kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn.

Ẹ̀rọ ìlọta àti áyọ́ọ̀nù, ẹ fún ẹni tí yóò lò wọ́n nílé. Iná Nàìjíríà jẹ́ fóltì 230, ti Kánádà sì jẹ́ fóltì 120, nítorí náà áyọ́ọ̀nù tí mo gbé lọ kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, nítorí pé agbára tí ó ń rí fà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ẹ̀rọ ìlọta náà sì ń yí bí ẹni tí ebi ń pa. Ojú píláọ̀gì wọn náà yàtọ̀. (Bí ó bá jẹ́ Ìlú Ọba ni ẹ ń lọ ni, ọ̀rọ̀ náà kì bá rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé iná wọn àti píláọ̀gì wọn bá tiwa mu.) Fóònù àti kọ̀ǹpútà kò ní wàhálà, bí ẹ bá ti rí 100–240V lára ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba iná sí wọn. Ní ti àwo, mẹ́fà nínú méjìlá tí mo gbé ló fọ́.

Oúnjẹ gba ọ̀rọ̀ gígùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ àwọn ìyá wa ti máa ń mú kí báàgì wúwo jù. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé ẹran, yálà tútù tàbí gbígbẹ. Pọ̀nmọ́, kìlíṣí àti ẹran díndín tí ìyá ọkọ mi fi odidi ọjọ́ kan dín ni òṣìṣẹ́ ẹnubodè kó dà sínú ike ìdọ̀tí lójú mi ní pápákọ̀ òfurufú, bí mo sì ti ń wò ó, ọwọ́ ìyá náà tí iná ta ni mo ń rántí. Ẹ má gbé iṣu tí iyẹ̀pẹ̀ wà lára rẹ̀, nítorí pé wọn kì í gba iyẹ̀pẹ̀ rárá. Ohunkóhun tí ó bá sì jẹ́ oúnjẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n bá ní kí ẹ lò, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Ohun tí ènìyàn sọ, bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó fi pamọ́ ni yóò sanwó ìtanràn lé lórí.

Gààrí àti epo pupa kò tó ohun tí ènìyàn ń rù, nítorí pé àwọn ará wa ń tà wọ́n níbẹ̀, epo sì lè tú sórí gbogbo aṣọ yín. Èlùbọ́ ni kí ẹ rà, kí ẹ rà á dáadáa ní Bódìjà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, bíi kílò márùn-ún, nítorí pé èyí tí a ń rí rà lọ́hùn-ún kì í sábà rò bí ti ilé. Ẹ fi ata gígún, edé, ìrú tí ẹ sá gbẹ àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọmọ orógùn méjì àti ìjábẹ̀ méjì. Mo fi ṣíbí onígi tí mo rà ní Ottawa ro àmàlà fún ọdún kan ààbọ̀, mẹ́ta sì kán mọ́ mi lọ́wọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọmọ orógùn rán ẹnìkan sí mi.

Aṣọ òtútù tí wọ́n ń tà ní òkìrìkà, ẹ má ra ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí yóò gbé yín dé ilé, pàápàá bí ó bá jẹ́ oṣù kìíní ni ẹ ó dé. Mo ra mẹ́fà, wọ́n gba báàgì kan gbáko, kò sì sí èyí tí ó lè dúró de òtútù Ottawa nígbà tí ó bá lọ sí ìwọ̀n 25 sísàlẹ̀ òdo. Nínú aṣọ léèsì, ẹ mú méjì. Ẹ̀wù òfì tàbí aṣọ òkè tí wọ́n hun fún ìgbéyàwó yín, ẹ mú un lọ bí ó ti wù kí ó wúwo tó, nítorí pé ọmọbìnrin mi àgbà ti fi tèmi ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ ahunṣọ tí ń kó ọjà wá sí Ọ̀jẹ́ ni bàbá òun ti rà á.

Ní ti ẹrù tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́, ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú sọ fún wa pé kò sí ìwé tí a nílò. Irọ́ ni. Ẹni tí ń kó lọ gbé ní Kánádà lè kó ohun tí ó ti jẹ́ tirẹ̀ tí ó sì ti lò wọlé láìsan owó bodè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ gbogbo ẹrù tí ń bọ̀ lẹ́yìn àti iye tí wọ́n tó, kí ó sì fi ìwé náà han òṣìṣẹ́ ẹnubodè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọlé. Kí ó ya fọ́tò wúrà àti iyùn, kí ó sì ṣàlàyé wọn. Àwa kò ṣe é, a sì sanwó lórí àpótí méjì tí ó kún fún ìwé kíkà àti ìkòkò tiwa fúnra wa. Owó tí ó bá tó 10,000 dọ́là Kánádà, ẹ sọ ọ́ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń wọlé.

Ọkọ mi fẹ́ gbé ère ìbejì ìyá bàbá rẹ̀ lọ. A fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba àṣẹ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ tọ́jú eyín yín, kí ẹ sì ṣe awò ojú méjì méjì. Ètò ìlera ìjọba Ontario kì í san owó awò ojú fún àgbàlagbà, kì í sì í sábà san ti eyín, owó tí ó lè tán nílé oníṣègùn eyín ní ọjọ́ kan sì tó ohun tí ìdílé kan ń jẹ fún oṣù kan.

Mo fi ti fọ́tò sí ìgbẹ̀yìn nítorí pé ó nira fún mi láti kọ. Nígbà Omíyalé ọdún 1980, tí odò Ògùnpa ya wọ ilé, ìyá mi fi ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àpótí fọ́tò lérí, ó sì fi ọwọ́ kejì fà mí jáde. Ìyá mi kú ní ọdún 2009. Nígbà tí mo ń di ẹrù ní ọdún 2013, mo gbé álúbọ́ọ̀mù rẹ̀ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, kò pé kílò mẹ́ta, mo sì yọ wọ́n kúrò kí àyè lè gba ẹ̀rọ ìlọta, mo ní n ó wá mú wọn nígbà tí mo bá padà wálé. Ní ọdún 2016, ẹ̀gbọ́n mi ṣí yàrá náà: òrùlé ti jò, ikán sì ti jẹ ohun tí òjò kò bàjẹ́. Fọ́tò mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Nínú ọ̀kan, ìyá mi dúró pẹ̀lú obìnrin méjì ní iwájú gbọ̀ngàn Mápó, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ jọ, mo sì ti fi hàn gbogbo àgbà tí ó kù nínú ẹbí wa, kò sí ẹni tí ó mọ àwọn obìnrin náà.

Ẹ sọ nínú ìbéèrè yín pé ìyá yín wà ní Yemẹtu. Ẹ mú pẹ́ńsùlù lọ sọ́dọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n máa dárúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kó wọn sínú báàgì.