Iṣẹ́ bọ́, gbèsè báńkì kò bọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín fún iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́nà Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí. Ní èṣí, mo yá 1,500,000 sẹ́fà ní báńkì, wọ́n sì ti yọ owó àṣúráǹsì kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ìyókù sínú àpò owó mi. Lọ́jọ́ Ajé yìí, ọ̀gá wa ní ọjà kò tà mọ́, ó sì fún èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní ìwé ìdádúró. Mo mú un lọ sí báńkì, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní ikú nìkan ni àṣúráǹsì náà wà fún. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo rí «DC», «IAD» àti «PE» lórí ìwé mi. Ọ̀gá mi tún wá ní kí n kọ̀wé pé fúnra mi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí òun lè fi owó oṣù kan kún ohun tó tọ́ sí mi. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Nítorí pé ọ̀rọ̀ yín kò lè dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yìí yóò jáde, a ti kọ́kọ́ dá yín lóhùn lórí fóònù. A tún ń tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ lè bá.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ báńkì rárá, ẹ má kọ ìwé tí ọ̀gá yín ń béèrè. Ìdójútòfò (àṣúráǹsì) ìpàdánù iṣẹ́ wà fún ẹni tí agbanisíṣẹ́ dá dúró láìjẹ́ pé ó hu ìwà àìdáa. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kì í rí nǹkan gbà níbẹ̀. Owó oṣù kan tí wọ́n fi ń fa ojú yín mọ́ra lè mú kí ẹ pàdánù owó tí adójútòfò ìbá bá yín san fún báńkì lóṣooṣù, kí ó sì tún ba ẹ̀tọ́ tí òfin 2017-05 ti 29 oṣù kẹjọ 2017, èyí tó wà lórí ìgbanisíṣẹ́ àti ìdádúró, fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró nítorí ọ̀rọ̀ ajé jẹ́. Ká sọ tòótọ́, ọ̀gá tó ń bẹ òṣìṣẹ́ pé kó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí òun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá tún yọ yín lẹ́nu, ẹ lọ bá inspecteur du travail, ìyẹn aṣojú ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ní Àjàṣẹ́, kí ẹ mú ìwé ìdádúró yín dání.

Ní ti ìwé báńkì, DC ni ikú, IAD ni àìlera tó le débi pé ènìyàn kò lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́, PE sì ni ìpàdánù iṣẹ́. Ikú àti àìlera ni ọ̀pọ̀ báńkì sábà máa ń sọ di dandan, PE sì máa ń jẹ́ àfikún tí oníbàárà yàn, bóyá ìyẹn ló ṣi ọmọbìnrin náà lọ́nà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n sàmì sínú àpótí tó wà níwájú PE, àti bóyá owó rẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n yọ.

Bí àmì bá wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe báńkì nìkan. Òfin CIMA, ìyẹn òfin ìdójútòfò tí orílẹ̀-èdè wa Benin àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yaoundé ní ọdún 1992, fún ẹni tí ọ̀ràn bá ní ọjọ́ iṣẹ́ 5, ó kéré tán, láti fi tó adójútòfò létí. Ẹ fi ìwé ìdádúró, certificat de travail (ìwé ẹ̀rí pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀), ìwé owó oṣù tó gbẹ̀yìn àti tábìlì ìsanwó gbèsè yín ti lẹ́tà náà. Kí ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí akọ̀wé ibẹ̀ lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i, nítorí décharge yẹn ni yóò gbà yín sílẹ̀ bí wọ́n bá sọ lọ́la pé àwọn kò rí nǹkan. Bí ọjọ́ 5 bá ti kọjá, ẹ ṣì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọdún 2 ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹjọ́ lórí irú àdéhùn báyìí, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe ìdí ìjáfara.

Ẹ béèrè ìwé àlàyé tí báńkì gbọ́dọ̀ fún oníbàárà tí ó bá wà lábẹ́ àdéhùn àjùmọ̀ṣe, ìyẹn èyí tí báńkì bá adójútòfò ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lápapọ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá níbẹ̀: oṣù mélòó lẹ́yìn ìfọwọ́sí ni ààbò náà tó bẹ̀rẹ̀, oṣù mélòó àìríṣẹ́ ni wọn kò ní san, àti iye oṣù tí wọn yóò san kí wọ́n tó dúró. Bí wọ́n bá ní ọ̀ràn yín kò sí nínú àdéhùn, ẹ ní kí wọ́n fi gbólóhùn náà hàn yín, nítorí CIMA sọ pé gbólóhùn tó bá yọ ohun kan kúrò kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tó hàn gedegbe.

Ní báyìí ná, ẹ má dá sísan gbèsè dúró. Báńkì ni adójútòfò máa ń san owó náà fún, kì í ṣe ẹ̀yin, ìdáhùn rẹ̀ sì lè pẹ́. Bí agbára kò bá gbé e, ẹ kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n dín iye oṣooṣù kù, kí àkókò náà sì gùn sí i.

ÌBÉÈRÈ: Aṣọ ni mo ń tà ní Kétu. Ilé ayánilówó kan fẹ́ yá mi ní 400,000 sẹ́fà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wọn ní kí n gba PE mọ́ ọn. Ṣé ó pọn dandan?
— Oníṣòwò, Kétu

ÌDÁHÙN: Ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́ kò ní ẹni tí yóò dá a dúró, nítorí náà, owó yín yóò kàn wọgbó lọ ni. Irú èyí ló ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń pe irú àṣúráǹsì gbèsè yìí ní PPI: àwọn báńkì tà á fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí púpọ̀ nínú wọn kò lè gba nǹkan kan láé. Nígbà tí àwọn báńkì pàdánù ẹjọ́ ní 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà, ó sì ju bílíọ̀nù 38 pọ́n-ùn lọ. 29 oṣù kẹjọ 2019 ni ọjọ́ ìkẹyìn fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè. Ẹ ní kí wọ́n yọ PE kúrò, kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe lójú yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.