Èsì: Kí ni wọ́n ń ṣe bí kùrukùru bá bo iná etíkun?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé iná nìkan ni olùtọ́jú ilé ìmọ́lẹ̀ etíkun, ilé gíga tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi, ń tàn láyé amúnisìn. Rárá o!

Ẹ wo ti Boston ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1716 ni wọ́n kọ́kọ́ tan án. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Olùtọ́jú á rọ epo, á gé orí òwú fìtílà, á nu èéfín kúrò lára gíláàsì, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí kùrukùru bá bolẹ̀, ta ni yóò rí iná? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìbọn àgbá kan síbẹ̀ lọ́dún 1719. Bí ọkọ̀ bá yìnbọn láàárín kùrukùru, olùtọ́jú á yin tirẹ̀ láti dá a lóhùn.

Iṣẹ́ ikú sì ni. Lọ́dún 1718, ọkọ̀ ojú omi kékeré dojú dé, George Worthylake tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà kú sómi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àti ẹrú kan tí wọ́n ń pè ní Shadwell. Orúkọ ẹrú yẹn ni mi ò lè gbàgbé.